Àgùàlà, Júpítà, Máàsì, Sátọ̀ọ̀nù àbí Mẹ́kúrì: èwo ni kí ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kọ́kọ́ wá lójú ọ̀run?

Bí èèyàn bá ti lè dárúkọ ìràwọ̀ méjì níwájú aládùúgbò, ó ti ríṣẹ́ nìyẹn. Iwájú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo máa ń jókòó sí lálẹ́, èmi àti àga onírọ́bà mi àti abẹ̀bẹ̀ tí mo fi ń lé ẹ̀fọn. Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń kọjá ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yìí, èwo ni kí n kọ́kọ́ wá?" Wọ́n ti ka nǹkan nípa Máàsì lórí fóònù, wọ́n ti gbọ́ pé Sátọ̀ọ̀nù ní òrùka. Wọ́n á dìde láago mẹ́rin òru, wọ́n á wo òkè títí ọrùn á fi máa ro wọ́n, wọn ò ní rí ohun kan tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun rèé. Wọ́n á padà lọ sùn, wọn ò sì ní gbìyànjú ẹ̀ mọ́.

Mo ti wá gbà pé èyí tí kò bá wákàtí wọn mu ni wọ́n ń yàn. Ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù láago méje alẹ́ ń wá èyí tó ń yọ ní ìdájí. Ẹni tí ilé alájà méjì dí ìwọ̀-oòrùn mọ́ lójú ń wá èyí tí kì í kúrò ní ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi wọ́n wéra níbí, kí kálukú mú èyí tó bá a mu.

Márùn-ún ni ojú lásán ń rí dáadáa, àwọn márùn-ún tó wà lákọlé yẹn ni. Yúránọ́ọ̀sì náà ṣeé rí fìrífìrí fún ẹni tí ojú rẹ̀ mú bí ojú àṣá, tó sì wà nínú òkùnkùn biribiri, ṣùgbọ́n kò yẹ lẹ́ni tí a ń kó ìdààmú bá nítorí rẹ̀. Nẹ́pítúùnù ò ṣeé rí láìlo awò rárá.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Èkíní ni wákàtí. Oorun ni owó tí à ń san fún nǹkan yìí. Ọ̀fẹ́ ni ojú ọ̀run, àmọ́ ẹni tó bá jí láago mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó tún ń lọ síbi iṣẹ́ mọ iye tí ó ná òun. Pílánẹ́ẹ̀tì tó bá bá ẹ níta níbi tó o ti wà tẹ́lẹ̀ ló wọ́n kéré jù.

Èkejì ni ibi tó ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ jáde, ẹ wo àyíká. Fún ará Ìjẹ̀bú-Òde, apá Ṣágámù ni ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni gúúsù, apá Ìbàdàn ni àríwá. Ará Ṣágámù náà, ibi tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde wà ni kó máa wò fún ìlà-oòrùn. Àwọn mìíràn á ní kí àwọn lọ síbi yàrà Sùǹgbọ́ lápá Òkè-Èrí torí pé ibẹ̀ dákẹ́, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi ni ẹ máa rí níbẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé tó wà ládùúgbò dára jù ú lọ lọ́nà mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹta ni ìdánilójú: oṣù mélòó nínú ọdún ló máa ń wà níbi tí a ti lè rí i, ṣé a sì lè fọkàn tán an? Ẹ̀kẹrin ni àṣìmú: kí ni nǹkan mìíràn tó lè jọ ọ́?

Lórí àṣìmú yìí, ohun méjì ló yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìràwọ̀ máa ń ṣẹ́jú, pílánẹ́ẹ̀tì máa ń dúró jẹ́ẹ́. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ tó ń wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń jà lókè á máa mì í. Pílánẹ́ẹ̀tì súnmọ́ wa, ó ní ìbú díẹ̀, mímì afẹ́fẹ́ kì í tó o gbé. Àyàfi tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá nítòsí ilẹ̀ ló máa ń ṣẹ́jú bíi ti ìràwọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kó gòkè díẹ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Ìkejì, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀, ọ̀nà tí oòrùn ń gbà lọ́sàn-án tí òṣùpá náà ń gbà lóru. Ní ilẹ̀ tiwa tí kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ọ̀nà yẹn ń gba òkè orí wa kọjá, tàbí kó yẹ̀ díẹ̀ sápá kan. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ funfun kan nísàlẹ̀ níhà Ẹ̀pẹ́, tí kò ga ju ìkúùkù mẹ́ta lọ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ìràwọ̀ ni, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Canopus. Ìkúùkù tí mo wí yìí ni òṣùwọ̀n wa: ẹ na ọwọ́ gbọọrọ síwájú, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ìbú ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó nǹkan bíi digírì mẹ́wàá. Ọmọdé ọwọ́ rẹ̀ kúrú, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kéré, ìṣirò náà sì máa ń bá a mu bákan náà.

Òṣùpá ni afinimọ̀nà tó dára jù. Lóṣooṣù ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn kọjá. Ẹni tó bá ní fóònù lè gbé áàpù Stellarium tàbí Sky Map sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, á sì sọ fún un alẹ́ tí òṣùpá yóò dé ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń wá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ kàn wo òṣùpá, kí ẹ wo ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àgùàlà

Òun ni òyìnbó ń pè ní Venus. Òun nìkan ló ní orúkọ tí ìyá àgbà yín mọ̀, ìdí sì wà fún un. Lẹ́yìn oòrùn àti òṣùpá, kò sí ohun mìíràn lójú ọ̀run tó máa ń mọ́lẹ̀ tó o lójoojúmọ́. Ìkùukùu nípọn yí i ká, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bá bà á ló ń dá padà sí wa. Nígbà tó bá wà ní góńgó rẹ̀, ó fi ju ìlọ́po mẹ́wàá mọ́lẹ̀ ju Sirius lọ, Sirius yìí sì ni ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lóru. Lálẹ́ tí kò sí òṣùpá, tí wọ́n mú iná, tí kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè mú kí ọwọ́ èèyàn ní òjìji lára ògiri funfun.

Àwọn àgbà ní: "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣajá òṣùpá." Èmi máa ń gbádùn òwe yìí torí pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti ń wo òkè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá wò ó lálẹ́ ọjọ́ kan péré á rí i bí ajá tó tẹ̀lé olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùpá ń sún ju ìkúùkù kan lọ sí ìlà-oòrùn lójúmọ́, tó bá fi máa di ọ̀tunla, ó ti fi Àgùàlà sílẹ̀ jìnnà. Ó di oṣù mìíràn kí wọ́n tó tún pàdé. Ajá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Wákàtí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mọ̀ dájú. Kò lè jìnnà sí oòrùn ju digírì 47 lọ, ìyẹn kò tó ìkúùkù márùn-ún. Nítorí náà ìwọ̀-oòrùn ló máa ń wà lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí ìlà-oòrùn kí oòrùn tó yọ, tó bá sì pẹ́ jù, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oòrùn lòun náà ń wọ̀. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ ńlá kan láago méjìlá òru, ohun yòówù kó jẹ́, Àgùàlà kọ́.

Ní ti ìdánilójú, ó ní àléébù kan tó lágbára. Ó máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lálẹ́, á sá lọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á wá yọ láàárọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ mìíràn, lẹ́yìn náà á gba ẹ̀yìn oòrùn lọ, a ò sì ní rí i fún bí oṣù kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ọjọ́ 584.

Màmá kan tó ń yan gàrí lábúlé kan lẹ́yìn Àgọ́-Ìwòyè ló fi èyí yé mi ju ìwé lọ. Àgùàlà ìdájí ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáná sábẹ́ agbada. Tó bá ti yọ sókè igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n á dìde, wọ́n á ku gàrí àná tí wọ́n ti fún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí yan, kí ọkọ̀ ọjà tó dé. Lọ́jọ́ kan tí mo bá wọn jókòó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìràwọ̀ yẹn ti fi mí ṣẹ̀sín. Mo sùn kọjá àsìkò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. N ò rí i mọ́. Ṣé wọ́n ti jí ajá òṣùpá gbé ni?" Mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn ìrun alẹ́ tó bá di oṣù méjì síi, pé ibẹ̀ ló máa gbà yọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyẹn ò wúlò fún ẹni tó ń yan gàrí. Wọ́n ti ra aago aláàrámù báyìí.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mọ́ àwọn òbí: lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, yóò ku bí ọjọ́ méjì sí déètì yẹn, Àgùàlà á padà síbi kan náà gẹ́lẹ́ lójú ọ̀run ní wákàtí kan náà. Ibi tẹ́ ẹ bá rí i sí lálẹ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ fi hàn ọmọ yẹn nígbà tó bá pé ọdún mẹ́jọ.

Ní 2026, alẹ́ ló wà, láti bí oṣù kẹta títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ló máa jìnnà sí oòrùn jù. Láti oṣù kọkànlá 2026 wọ àárín 2027, ó di ti àwọn tó ń jí ní kùtùkùtù.

Àṣìmú rẹ̀ kò pọ̀. Bàálù tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ ẹni, tó tan iná iwájú, máa ń dúró sójú kan fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan bíi pé kò rìn, ó sì ti tan èmi alára. Ẹ kà dé ọgọ́rùn-ún méjì. Bàálù á ti yà.

Júpítà

Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n mú, Júpítà ni n óò mú. Kò mọ́lẹ̀ tó Àgùàlà, ṣùgbọ́n kò sí ìràwọ̀ kankan tó mọ́lẹ̀ tó o, kì í sì í ṣe ẹrú oòrùn. Kò ní kó wà nítòsí oòrùn dandan. Ó lè wà lókè orí yín gẹ́lẹ́ láago méjìlá òru, níbi tí fẹ́ǹsì aládùúgbò, igi máńgòrò àti iná ilé-epo kò ti lè dí i. Fún àwọn tí ilé sún mọ́ ilé lọ́dọ̀ wọn, bíi ti àdúgbò wa, èyí ṣe pàtàkì ju pé ó mọ́lẹ̀ lọ.

Lóṣù mẹ́tàlá mẹ́tàlá ni ayé máa ń bọ́ sáàárín òun àti oòrùn. Nígbà yẹn, bí oòrùn bá ṣe ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ni yóò máa yọ ní ìlà-oòrùn, yóò sì wà lójú ọ̀run mọ́jú. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní 2026, yóò sì tún ṣẹlẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ oṣù kejì 2027. Fún bí oṣù mẹ́rin márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jáde lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ti bá a níta. Ìgbà tó bá sún mọ́ oòrùn nìkan la kì í rí i, ìyẹn ò sì ju oṣù kan àti díẹ̀ lọ.

Ọdún méjìlá ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Àárín àwùjọ ìràwọ̀ kan ló máa ń lo bí ọdún kan kó tó ṣí lọ sí òmíràn, nítorí náà ẹni tó bá ti mọ ibi tó wà lọ́dún yìí kò ní ṣì í mú lọ́dún tó ń bọ̀.

Sirius ni wọ́n sábà máa ń ṣì mú fún un. Ẹ wo ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìlẹ̀kẹ̀, èyí tó ń gba òkè orí wa kọjá lálẹ́ nígbà ọyẹ́. Ẹ tẹ̀lé ìlà wọn lọ sí apá gúúsù-ìlà-oòrùn, ẹ máa já lé Sirius lórí. Tó bá ń ṣẹ́jú, tó ń yí láti funfun sí aró sí pupa bí ìlẹ̀kẹ̀ tí oòrùn pa, Sirius ni. Júpítà kì í ṣe irú ìjàngbọ̀n bẹ́ẹ̀. Funfun tó fẹ́ dà bí ògì ni, ó sì máa ń wo èèyàn lójú láìṣẹ́jú.

Tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá ní awò onígò méjì tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ, ẹ yá a lọ́wọ́ rẹ̀ fún alẹ́ kan. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Ẹ máa rí àwọn òṣùpá rẹ̀ bí ẹyọ iyọ̀ méjì sí mẹ́rin tó tò sí ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí wọn lóṣù kìíní ọdún 1610. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n á ti pààrọ̀ àyè.

Máàsì

Èyí ni gbogbo ayé fẹ́, òun ni mo sì máa ń ní kí wọ́n fi sí ìkẹyìn.

N óò jẹ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kó àwọn ọmọ àdúgbò bíi mẹ́fà jọ sẹ́yìn ilé, mo na ọwọ́ sí ìmọ́lẹ̀ pupa kan lápá ìlà-oòrùn, mo sì ń ṣàlàyé: ó pupa torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti dógùn-ún bí irin, ó dúró jẹ́ẹ́ torí pé pílánẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Ọmọbìnrin kan tó kéré jù láàárín wọn wá ní, "Bọ̀dá, àná kọ́ ló ti wà níbẹ̀. Máàsìtì ni, kì í ṣe Máàsì." Iná orí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn títì ni mo ń fi ìmọ̀ bù kún. Títí dòní, bí mo bá gbé àga jáde, àwọn ọmọ yẹn á ní kí n kú iṣẹ́ máàsìtì.

Ohun tó jẹ́ kí n ṣìnà tó bẹ́ẹ̀ ni pé èmi náà ò tíì fojú rí Máàsì dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Lọ́dún méjì àti oṣù méjì ló máa ń sún mọ́ wa lẹ́ẹ̀kan. Láàárín oṣù díẹ̀ tó yí ìgbà yẹn ká, ó máa ń mọ́lẹ̀ gan-an, ó sì pupa bí ẹ̀yinná. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń jìnnà sí wa débi pé ó ń dà bí ìràwọ̀ pupa lásán. Ìràwọ̀ pupa méjì sì wà lójú ọ̀nà tirẹ̀ gan-an, Aldebaran àti Antares. Antares yìí, àwọn Gíríìkì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni orogún Máàsì. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń ṣì wọ́n mú.

Ìdààmú rẹ̀ mìíràn tún ni àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó ń yí ká ní oṣù kẹjọ, pé Máàsì máa tóbi tó òṣùpá lálẹ́ báyìí-báyìí, pé kí a fi ránṣẹ́ sí ogún èèyàn. Oṣù kẹjọ ọdún 2003 ló sún mọ́ wa jù ní nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta ọdún, ó kù díẹ̀ kó tó mílíọ̀nù 56 kìlómítà sí wa. Ìròyìn yẹn jẹ́ òótọ́ nígbà náà, àmọ́ bó ti tóbi tó òṣùpá kò sí níbẹ̀ rárá; ojú lásán kò rí ju ẹ̀yinná kan ṣoṣo lọ. Ẹnìkan ló yọ ọdún kúrò nínú rẹ̀, ó wá di àtọdúnmọ́dún.

Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa ní oṣù kìíní 2025. Yóò tún dé ní ọjọ́ 19 oṣù kejì 2027, ní ọ̀sẹ̀ tí kò jìnnà sí ti Júpítà. Àwọn méjèèjì á jọ máa yọ ní ìlà-oòrùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ti 2027 yìí kò ní súnmọ́ wa tó ti 2003. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó jọ bẹ́ẹ̀, 2035 ni kó máa dúró dè.

Sátọ̀ọ̀nù

Ẹni tó bá torí òrùka jáde, kó máa padà sílé. Ojú lásán kò rí òrùka náà, awò kékeré pàápàá kò tó o. Ohun tí ẹ máa rí ni ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó dúró jẹ́ẹ́, tí kò mọ́lẹ̀ ju ìràwọ̀ ńlá kan lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bíi rẹ̀. Bí ọdún 29 ààbọ̀ ló fi ń yí oòrùn po, nítorí náà ó fẹ́ẹ̀ má kúrò lójú kan. Ọdún méjì ààbọ̀ ni ẹ máa bá a ní sàkáání ìràwọ̀ kan náà. Lọ́dọọdún, ìgbà tó dára jù láti wò ó ń fi ọ̀sẹ̀ méjì sún síwájú. Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ni ti 2026. Ẹ fi òṣùpá wá a, torí ó ṣòro kó fa ojú mọ́ra fúnra rẹ̀.

Mẹ́kúrì

Òun ló kéré jù, òun ló sún mọ́ oòrùn jù, òun ló sì máa ń sá jù. Kì í jìnnà sí oòrùn ju digírì 28 lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún, ó máa ń yọ bí ẹ̀ẹ̀mẹta lálẹ́ àti bí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀, ọjọ́ mélòó kan péré sì ni ìkọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, ibí yìí ni ilẹ̀ wa ti ṣe wá lóore. Ní Yúróòpù, oòrùn máa ń yọ́ wọ̀ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́, ojú ọ̀run á sì mọ́lẹ̀ títí Mẹ́kúrì fi ń wọ̀. Níhìn-ín, oòrùn ń já lulẹ̀ ṣánṣán ni. Tó bá ti tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó wọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, Mẹ́kúrì sì ṣì wà lókè bí ìkúùkù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n wá ju gbogbo wa lọ ni àwọn tó ń wo oṣù Ràmàdáánì. Mo máa ń rí wọn lórí pápá, wọ́n á yíjú sí ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn Màgàríbì, wọ́n á máa wá òṣùpá tín-ín-rín tó dà bí èékánná. Ojú wọn ti mọ́ sí ibi tó yẹ ní wákàtí tó yẹ; ohun tó kù ni kí wọ́n mọ ọjọ́. Ìkìlọ̀ kan péré: ẹ má gbé awò kankan sójú kí oòrùn tó wọ̀ tán pátápátá. Ojú kò ní ìpààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí, òjò lè fọ̀ ọ́ dànù. Oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí Agẹmọ ń bọ̀, ojú ọ̀run máa ń dì fún ọ̀sẹ̀ méjì láìṣí. Lákòókò ọyẹ́, eruku ló ni ìkúùkù àkọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀, èyí sì máa ń ṣe Mẹ́kúrì léṣe jù, á sì pọ́n Àgùàlà lójú bí ẹni tó sunkún. Kò kan Júpítà tó bá wà lókè orí. Alẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó tẹ̀lé òjò àkọ́kọ́ lọ́dún, ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, nígbà tí ìjì ti gbá eruku lọ. Ìgbà tó tún dára ni oṣù kọkànlá kí ọyẹ́ tó dé.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ajé tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé láago méje: Àgùàlà, ní gbogbo ìgbà tó bá wà lálẹ́. Kò ní ná an ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà tí ojú ń ṣe wọ́n bàìbàì náà, òun ni mo ní kí wọ́n mú; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ṣì lè rí.

Ẹni tó ń wọkọ̀ Èkó ní Ṣágámù láago márùn-ún àárọ̀ kí gó-síló tó dé: Àgùàlà náà ni, láti oṣù kọkànlá 2026. Kó jókòó sápá òsì ọkọ̀, kó wo ẹ̀yìn díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí kò bá sí ní ìdájí, Júpítà lè ti rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀.

Ilé tó há, tí òkè nìkan ṣí sílẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọdẹ àdúgbò, olùkọ́ tó fẹ́ fi nǹkan kan han ọmọ kíláàsì rẹ̀ láì bẹ̀rù pé kò ní sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀: Júpítà. Ọdẹ tiẹ̀ lè kó gbogbo wọn pọ̀ láàárín ọdún kan, òun ló lówó jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó ní sùúrù, tó fẹ́ràn kó máa tọ́pa nǹkan fún ọdún púpọ̀: Sátọ̀ọ̀nù. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ sí wíwo oṣù: Mẹ́kúrì.

Àwọn tó bá wálé fún Ojúde Ọba, alẹ́ méjì péré ni wọ́n ní. Ìgbà yẹn, òṣùpá ti fẹ́ kún, yóò sì bo àwọn ìràwọ̀ kéékèèké mọ́lẹ̀, àmọ́ kò lè bo Àgùàlà tàbí Júpítà. Ìparí oṣù karùn-ún ni ti 2026 bọ́ sí, àwọn méjèèjì á sì wà ní ìwọ̀-oòrùn lápá Ṣágámù bí ẹṣin bá ti relé, wọ́n á máa súnmọ́ ara wọn lálaalẹ́ títí di ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, nígbà tí ìka méjì tí a nà síwájú á bò wọ́n pa pọ̀. Bí òjò bá fún wa láyè.

Ẹni tó bá sì ní Máàsì dandan ni òun fẹ́, kó dúró de oṣù kejì 2027. Kó tó dìgbà náà, kó kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò rẹ̀ ká lálẹ́, kó mọ ibi tí máàsìtì kọ̀ọ̀kan wà.